Máàkì Alága Kò Wálẹ̀ Rí

Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ṣòkòtò méjì ni Alága wọ̀ léra wọn. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, bí ẹni tí ń dúró de mọ́tò tí yóò wá gbé e lọ sí ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Aránṣọ, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. Obìnrin yìí ti rán ṣòkòtò fún ìdajì àdúgbò, ó sì ti rí oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọmọ ènìyàn ń gbà wọ ohun tí kò bá a mu, ṣùgbọ́n kò rí ẹ̀rín rín sí èyí.

"Alága, èwo la máa bọ́ níbẹ̀?"

"Ẹ jókòó," ni Alága dá a lóhùn.

Ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá wọlé nìyẹn, ìbáà jẹ́ oníbàárà, ìbáà jẹ́ ẹni tó wá gba owó iná. Òun ló sọ ọ́ di Alága káàkiri àdúgbò. Ó ti lé lógójì ọdún dáadáa. Ojú rẹ̀ rí róbótó, ọrùn rẹ̀ kúrú, ó sì ní ẹ̀rín kan tó lè mú kí oníbàárà tó wá jà nítorí aṣọ tí kò tíì ṣetán gbàgbé ìjà, kó jókòó lóòótọ́. Bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, pẹ̀lú ohun tí àwọn oníṣègùn ń pè ní Dáùn sìńdírómù. Inú ilé yìí ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, kò sì sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀ tó tún padà wá.

Aránṣọ bọ́ ṣòkòtò ti òkè. Bó ṣe fẹ́ di bọ́tìnnì ti ìsàlẹ̀, apá Alága ta gìrì lójijì, ife tíì tó wà lórí àpótí fò, ó fọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Aránṣọ ṣa àfọ́kù ife. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òtútù ni.

Ohun tó wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà kò ṣòro láti sọ. Ẹ̀gbọ́n wọn àgbà, tí ẹbí ti ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n kí ilé ìwé tó rí àyè pè é bẹ́ẹ̀, jẹ́ onímọ̀ nípa ọpọlọ. Ìwádìí tó sọ ọ́ di ẹni ńlá ni ti àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Àlísáímà, bó ṣe ń tètè dé bá àwọn tí wọ́n bí bí Alága. Ó lè ṣàlàyé rẹ̀ tán fún ọ kí omi tíì tó hó. Nínú àwọn okùn tín-ín-tín tí gbogbo wa jogún lára òbí, ọ̀kan wà tí àwa yòókù ní ní méjì, tí àwọn ní ní mẹ́ta. Ẹ̀kẹta yẹn ló ń mú kí ìdọ̀tí kan máa gbá jọ sínú ọpọlọ wọn, díẹ̀díẹ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti wà ní kékeré, bí erùpẹ̀ ṣe ń dí gọ́tà. Kí wọ́n tó pé ogójì ọdún, ìdọ̀tí ti kún ibẹ̀, kì í sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ìgbàgbé yóò fi dé. Wọ́n ti wá rí oògùn kan tó ń gbá a kúrò, wọ́n sì fẹ́ dán an wò. Ẹni tí iyè rẹ̀ ṣì dúró ni wọ́n ń wá. Ẹni tí iyè rẹ̀ bá ti wó, oògùn náà kò ní lè kọ́ ọ padà, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa jò nínú orí rẹ̀. Ìdánwò òní ni yóò sọ ibi tí Alága wà. Bó bá yege, wọ́n gbà á. Bí kò bá yege, ó parí nìyẹn.

Kò sí ẹni tó bẹ̀rù nínú ilé náà, tàbí ká sọ pé kò sí ẹni tó jẹ́wọ́ pé òun bẹ̀rù. Máàkì Alága kò wálẹ̀ rí.

"Ṣé ó ti jẹun?" Màmá Tíṣà ló wọlé láìkanlẹ̀kùn yẹn. Yàrá òdìkejì ló ń gbé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n rúlà onígi rẹ̀ kò tíì fẹ̀yìn tì. "Ẹnìkan kì í fi ebi ṣe ìdánwò lábẹ́ mi o."

"Ó jẹ ẹyin, Màmá. Ìyókù ẹyin wà nínú dúrọ́ọ̀ máṣíìnì mi. Ibẹ̀ ló tọ́jú ẹ̀ sí."

"Àwọn tó mọ̀wé gan-an ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkàn wọn kì í sí níbi oúnjẹ. Alága! Gbórí sókè, ká ṣe àtúnyẹ̀wò ìkẹyìn."

Aránṣọ tẹ́ àwọn àjákù aṣọ dúdú sórí tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì tó fi ń sàmì sáṣọ ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sára wọn. Lọ́dọọdún ni ẹnìkan máa ń ti ibi iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n wá pẹ̀lú ìwé àwòrán kan náà. Yóò ṣí ojú ìwé, yóò ní, kí nìyí? Bó bá yá, yóò pa ìwé dé, yóò ní kí Alága ka gbogbo ohun tó rí. Lọ́dún àkọ́kọ́, Alága gbàgbé díẹ̀ níbẹ̀. Aránṣọ jókòó tì í, ojú tì í bí ẹni tí aṣọ já lára rẹ̀ lójú títì. Nínú ilé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jáde wá! Ó sọ ọ́ fún Màmá Tíṣà, Màmá Tíṣà sì ní ẹnìkan kò fẹ́lì lábẹ́ òun rí, kò sì ní í bẹ̀rẹ̀ lórí Alága. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Kò wá sí ọkàn èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì pé ojóóró ni wọ́n ń ṣe. Ta ló ń lọ jókòó sí ìdánwò láìkàwé sílẹ̀?

Màmá Tíṣà na rúlà. "Àkọ́kọ́!"

"Ewúrẹ́."

"Ó yá!"

"Agboòrùn. Kọ́kọ́rọ́. Ẹja. Fìlà. Àkàbà. Àbẹ́là. Ọkọ̀ ojú omi. Ìgò."

Ohùn rẹ̀ ń lọ geere bí máṣíìnì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo sí. Aránṣọ rí i pé kò wo aṣọ kankan nínú wọn. Ojú fèrèsé ló ń wò. Ṣùgbọ́n kò fo ẹyọ kan, ó sì dákẹ́, ó ń retí kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún ilé ìwé gíga pé kí wọ́n máa tún bẹ́ǹṣì ṣe," ni Màmá Tíṣà wí. "Ẹni tó tún ń bọ̀ nínú ilé yìí rèé."

Kò pẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi dé. Bàtà rẹ̀ ló kọ́kọ́ wọlé, ó ń dán débi pé o lè fi wo eyín. Obìnrin kan tẹ̀ lé e, ó wọ awò ojú, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Òun ni yóò ṣe ìdánwò náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò ní í wà níbẹ̀, torí òfin kò gbà kí ẹbí ẹni tí wọ́n ń dán wò ṣe iṣẹ́ náà. Ó fi inú dídùn pa òfin yìí mọ́. Ó ti sọ fún gbogbo ẹni tó ní etí pé ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gba oògùn náà, àbúrò òun ni. Nínú ọ̀rọ̀ tó ń sọ níwájú èrò, lẹ́yìn àwọn àwòrán ọpọlọ, àwòrán Alága ló fi ń parí, Alága níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Àwọn èrò yóò nu ojú, wọn yóò pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó lè sọ bóyá Alága ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láìpẹ́ yìí ó tilẹ̀ ti ń sọ pé ìfẹ́ inú ilé lè máa dá àìsàn náà dúró. Ẹ wo àbúrò òun. Ẹ wo máàkì rẹ̀.

"Bùọ̀dá, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀," Aránṣọ fa aṣọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ṣòkòtò méjì ló wọ̀ láàárọ̀ yìí."

"Ìyẹn ṣe wá jẹ́? Èmi náà, díẹ̀ ló kù kí n wọ ìbọ̀sẹ̀ tí kò jọra."

"Apá ẹ̀ tún ń ta gìrì."

Ọ̀jọ̀gbọ́n dúró. Bí ẹnì kan bá wà nínú ilé náà tó mọ ohun tí apá tó ń ta gìrì túmọ̀ sí lára irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, òun ni. Ó ti kọ̀wé lé e lórí, pé ọ̀kan nínú àmì pé ìgbàgbé ti wọlé ni. Ó wo Alága látẹnu ọ̀nà, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Ìgbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí náà."

"Ó lè jẹ́ òtútù," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Wò ó, má kó ọkàn mi sókè lónìí. Lọ́dún tó kọjá ńkọ́? O pè mí pé ó ń ṣìnà lọ ilé ìwẹ̀. Mo mú máàkì ẹ̀, mo ṣàlàyé ẹ̀ fún ọ. Ṣé ó wálẹ̀?"

"Kò wálẹ̀."

"Ṣé ó wálẹ̀ rí?"

"Kò wálẹ̀ rí, Bùọ̀dá."

"Ẹn-ẹ́n. Bu tíì sí mi."

Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Aránṣọ fi ń ṣe máàkì náà, bí ẹni rán ẹ̀wù, ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti fi gírámà kó o padà fún un, yóò gbà á gbọ́. Àbí, ọ̀jọ̀gbọ́n ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n àti Màmá Tíṣà jókòó sí ilé ìdáná, wọn kò ti ilẹ̀kùn tán. Aránṣọ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì rẹ̀, torí ojú rẹ̀ ni Alága máa ń wò kí ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà," ni olùdánwò kí i.

"Ẹ jókòó," ni Alága wí, ó na ọwọ́ sí àga tó dára jù nínú ilé. Obìnrin náà jókòó, ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé kan yọ. Ìwé náà tóbi, èèpo rẹ̀ ṣì ń dán.

"Ìwé yẹn kọ́," ni Aránṣọ wí kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

"Tuntun ni, mà. Ti àtijọ́ ti pẹ́ jù, wọ́n ní ó ti ń mọ́ àwọn ènìyàn lórí."

"Ẹ ò lè lo ti àtijọ́ yẹn fún un? Ó mọ ti àtijọ́ yẹn."

Olùdánwò wò ó díẹ̀. "A ò lò ó mọ́, mà." Ó ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́. Ẹyẹ kan bà lórí ẹ̀ka, ó tóbi débi pé ẹni tó wà lójú títì lè rí i. "Alága, ẹ jọ̀ọ́, kí nìyí?"

Alága na ẹ̀yìn, ó gbé ojú kúrò lórí ìwé, ó gbé e sí fèrèsé.

"Ewúrẹ́."

Olùdánwò dúró díẹ̀, bóyá yóò tún un wí. Kò tún un wí. Ó ṣí èkejì. Bàtà ni.

"Agboòrùn."

Àga ni ẹ̀kẹta. "Kọ́kọ́rọ́," ni Alága wí, ohùn rẹ̀ mọ́ kedere, ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kọjá lọ sí ilé ìdáná. Obìnrin náà kò ṣí ìwé mọ́. Aránṣọ ni ó ń wò. Aránṣọ tẹ̀ síwájú, ó ń wá òwú tí kò bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ máṣíìnì. Ṣùgbọ́n Alága kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣí ìwé fún òun. "Ẹja. Fìlà. Àkàbà. Àbẹ́là. Ọkọ̀ ojú omi. Ìgò." Kò fo ẹyọ kan. Ó ká ọwọ́ lé ikùn, ó dákẹ́, ó ń retí.

Àtẹ́wọ́ sì dún lóòótọ́. Láti ilé ìdáná ló ti dún. Ti Màmá Tíṣà ló kọ́kọ́ ró, àtẹ́wọ́ ńlá tí wọ́n ń pa níwájú gbogbo ilé ìwé, ti Ọ̀jọ̀gbọ́n sì tẹ̀ lé e. "Ṣé ẹ gbọ́? Ó pé! Ó pé!" Ilẹ̀kùn ṣí, Ọ̀jọ̀gbọ́n wọlé, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó fẹ́ gbé ọmọ. "Àbúrò mi! Ẹni àkọ́kọ́!" Alága bú sẹ́rìn-ín, orí rẹ̀ ń mì.

Olùdánwò yí ìwé náà padà lórí tábìlì, ó rọra tì í sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo ẹyẹ. Ó ṣí bàtà, ó ṣí àga, ó tún padà sí ẹyẹ. "Ewúrẹ́," ni ó wí lábẹ́ èémí rẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì tó nà wọlé láti fi gbé àbúrò rẹ̀ kò rí ibi lọ. Ó kó wọn sápò.

"Ṣé kò gbà á ni?" Màmá Tíṣà yọrí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó rí ẹyẹ, ó sì fi rúlà pamọ́ sẹ́yìn.

"Láti ìgbà wo?" ni Ọ̀jọ̀gbọ́n bi àbúrò rẹ̀ obìnrin.

"Láti ọdún kejì tí wọ́n ti ń wá."

"Gbogbo ọdún?"

"Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ pè é ní ìdánwò."

"Mo ti sọ ọ́ níta! Mo ti dúró níwájú àwọn ènìyàn, mo ní..." Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó rẹ ohùn náà sílẹ̀. "Iyè ẹ̀ ti ń lọ láti ìgbà yẹn, kò sì sí ẹni tó rí i. Ká ní mo mọ̀ ni. O gbọ́? Ká ní mo mọ̀, ǹ bá ti wá ọ̀nà."

"Mo sọ fún yín. Mo ní ó ń ṣìnà nínú ilé. Mo ní ó ń fi orúkọ ìyá wa pè mí. Ẹ ní máàkì."

"Máàkì tí ìwọ rán!"

"Tí ẹ̀yin wọ̀ lọ sóde!"

Alága ń wo ẹnu ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, lọ, bọ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tí yóò gbé e sí mọ́. "Ẹ jókòó," ni ó wí. Kò sí ẹni tó jókòó.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ojú sí olùdánwò. Ó fọ ọ̀fun, ó mú ohùn tó fi ń bá àwọn ìjòyè sọ̀rọ̀. "Ẹ̀rù ìwé tuntun ló bà á. Ohun tí ojú rẹ̀ kò mọ̀ ni. Ti àtijọ́ ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa, àbí? Tí a bá mú un wá lọ́la..."

"Sà," ni obìnrin náà wí.

"Mo kàn ń béèrè ni."

"Tí a bá gbà á wọlé báyìí, sà, tí ẹ̀jẹ̀ wá jò nínú orí ẹ̀, ṣé èmi ni mo máa sọ pé iyè ẹ̀ dúró, àbí ẹ̀yin?"

Aránṣọ ti kúnlẹ̀ kí olùdánwò tó parí ọ̀rọ̀. Ó di etí báàgì rẹ̀ mú. "Ẹ bá mi bò ó. Ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Tí ẹ bá fi ìwé yìí sílẹ̀ fún mi, ó máa mọ̀ ọ́n. Màmá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ṣé kì í yára mọ nǹkan?"

"Ó ń yára," ni Màmá Tíṣà wí, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń wá ilẹ̀kùn.

Olùdánwò bẹ̀rẹ̀, ó tú ìka Aránṣọ kúrò lára báàgì, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́. Omi wà lójú òun náà. Ó kó ìwé rẹ̀, ó kí Alága pé ó dàbọ̀, ó lọ. Màmá Tíṣà bá a jáde. Wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde, níbi tó ti ń ṣàlàyé fún ẹnì kan pé ọmọ náà mọ̀wé, kò sí ohun tó ṣe é, àwọn ìjọba ló yí sílábọ́ọ̀sì padà lójijì.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò lọ. Fóònù rẹ̀ dún, ó jẹ́ kó dún tán. Ó jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà máa ń jókòó sí bí wọ́n bá ń dúró de aṣọ.

"Ọ̀wọ́ èèyàn kan ṣì wà nínú ìwádìí náà," ni ó wí. "Wọn kì í fún wọn ní oògùn. Wọ́n kàn ń wò wọ́n ni."

"Wọ́n ń wò wọ́n ṣe kí ni?"

"Wọ́n ń wò wọ́n."

"Èmi náà á máa wò ó," ni Aránṣọ wí. Ó ń ká àwọn àjákù aṣọ dúdú náà, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbọn ṣọ́ọ̀kì kúrò lára wọn. "Kí ló máa gbàgbé tẹ̀ lé e?"

Ọkùnrin yìí tó lè ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ kí omi tó hó, ó wo bàtà rẹ̀ títí. "Ọ̀rọ̀. Àwọn orúkọ ló máa kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà, ìrìn. Ilé ìyàgbẹ́."

"Lẹ́yìn náà?"

"Ó tó."

"Bùọ̀dá, lẹ́yìn náà?"

"Ọ̀fun. Á gbàgbé bí wọ́n ṣe ń gbé oúnjẹ mì."

"Ènìyàn lè gbàgbé ìyẹn?"

"Ó lè gbàgbé ẹ̀."

"Ìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. Aránṣọ kò gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí láti kékeré.

Oòrùn ti wọ̀ nígbà tí Aránṣọ gbé oúnjẹ kalẹ̀, ìrẹsì àti ẹran. Ó bu ti Alága, ó yọ ẹran rẹ̀ kúrò, ó já a wẹ́wẹ́ bí òwú, ó fi ẹ̀yìn síbí tẹ ìrẹsì náà títí kò fi ní hóró mọ́. Alága wo inú abọ́.

"Ẹran mi dà?"

"Òun nìyẹn, inú ẹ̀ ló wà."

"Ọmọdé ni mí?" Ó bínú. Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń pè é ní Alága, ẹran tó tóbi jù ni wọ́n ń bù fún un.

"Kò tíì tó àsìkò ìyẹn," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí jẹ́jẹ́. "Ó ṣì lè jẹ ẹran ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó ti máa mọ̀ ọ́n." Aránṣọ fa àga sún mọ́ Alága, ó bu oúnjẹ sí síbí, ó gbé e sí i lẹ́nu. "Lanu. Jẹ ẹ́. Rọra. Ó yá, gbé e mì." Ó fi ìka méjì lé e lọ́fun, ó dúró títí ó fi rí i pé ó lọ sílẹ̀. "Ó dáa. Jẹ́ ká tún un ṣe. Lanu. Rọra. Gbé e mì. O ò ní í gbàgbé. Ojoojúmọ́ la máa ṣe é, o ò ní í gbàgbé. Tún un ṣe."

Ọ̀jọ̀gbọ́n la ẹnu. Ó fẹ́ ṣàlàyé pé ọ̀fun kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ẹ̀kọ́, pé ibi tí ọpọlọ ń tọ́jú ìyẹn sí yàtọ̀, pé bó bá tó àsìkò tí yóò lọ, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é láti òní, yóò lọ náà ni. Gbogbo rẹ̀ ni ó mọ̀. Aránṣọ kò wo ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń bu síbí tó kàn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó fa àga tirẹ̀ sún mọ́ wọn ní ìhà kejì, ó tẹ̀ síwájú, ojú rẹ̀ dúró lórí ọ̀fun àbúrò rẹ̀.

"Gbé e mì, Alága," ni ó wí.